Igi Kì Í Ṣe Èédú

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Ọmọ mi àtàtà, ìyá mi tó padà wá,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Òtútù ọ̀hún ńkọ́, ṣé kò tíì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Èmi wà láàyè, mò ń jẹun, mò ń sùn, mo sì ń bínú sí ọ díẹ̀. Láti ìgbà tí ọdún ti yí ni mo ti ń retí lẹ́tà rẹ. Aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé wa ní o máa ń pe òun lórí fóònù, pé o ní kí òun bá ọ kí mi. Kí ni kí n fi ìkíni orí fóònù ṣe? O kúkú mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń fọ́ èédú inú ilẹ̀ níbi iṣẹ́ wa ti ba etí mi jẹ́ tán. Bí wọ́n bá gbé fóònù sí mi létí, àfi bí ìgbà tí eṣinṣin há sínú agolo. Lẹ́tà ni tèmi. Lẹ́tà kì í pariwo, mo sì lè kà á lẹ́ẹ̀mejì bí mi ò bá gba ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́.

Ìròyìn pọ̀ nílẹ̀. O rántí pé láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń sọ pé ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná wa máa kógbá sílé. Ìjọba ti ṣòfin. Òfin náà ní, nínú gbogbo iná tí ilé-iṣẹ́ kan bá tà láàárín ọdún, ìdá kan nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ wá láti ara ohun tí kì í tán: oòrùn, afẹ́fẹ́, omi tó ń ṣàn, tàbí igi tí èèyàn lè gbìn padà. Iná tó mọ́ ni wọ́n ń pè é. Mo bi máníjà pé, ṣé èyí tí èmi ti ń fi èédú dá láti ìgbà ọ̀dọ́ mi wá, ìdọ̀tí ni? Ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá kó ìdá yẹn jọ, wọ́n á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa ò sì ní odò, a ò ní pápá tí a lè tẹ́ ẹ̀rọ oòrùn sí. Gbogbo wa ti gbà pé ó ti parí.

Àmọ́ Ọlọ́run ò jẹ́ kí ojú tì wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, máníjà pè wá jọ. Ó ní àwọn ti rí ọgbọ́n dá sí i: a ó máa da igi gígé wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ èédú nínú iléru, ìjọba á sì ka ti igi yẹn sí iná tó mọ́. Ó ní ta ló máa ṣe àkóso igi náà? Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, Fẹ̀sọ̀ ti na ọwọ́ sí mi. Fẹ̀sọ̀ náà nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi tó ń wa katakata, tó máa ń gbé ọ lé itan nínú katakata nígbà tí o wà ní kékeré, tí wàá kọ̀ tí o ò ní sọ̀ kalẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní ṣé o ti rí ọkọ, àbí òtútù ti lé gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ wọlé ni?

Bí mo ṣe di ọ̀gá àgbàlá èédú àti ọ̀gá àgbàlá igi nìyẹn. Bí igi wa bá pé nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò ìjọba bá dé, gbogbo wa á máa jẹun lọ. Bí kò bá pé, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ọrùn mi ló wà.

Bá mi wá ìbọ̀wọ́ tó nípọn, irú èyí tí wọ́n ń lò lọ́dọ̀ yín. Má ṣe dúró dìgbà tí mo bá kú kí o tó fi ránṣẹ́ o.

Èmi ni bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ibí kì í jẹ́ kí ojú ríran. Bí mo bá délé, bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń wó lé tòun ti bàtà.

Lẹ́tà yín pa mí lẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó. Ẹ mọ̀ pé ilé ìkẹ́rùsí kan létí omi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mi ò tíì sọ fún yín dáadáa ni ẹrù tí à ń tọ́jú níbẹ̀. Igi ni! Igi gígé wẹ́wẹ́ bíi tiyín, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó o wá fún àwọn ilé-iṣẹ́ iná. Irú òfin yẹn ti wà níbí tipẹ́, ìdá tiwọn tiẹ̀ pọ̀ ju tiyín lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣọ́ òkìtì, kí n má jẹ́ kó jó. Ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀gá èédú bí ọmọ oníṣẹ́ igi.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń to tiyín? Báwo ló ṣe ga tó? Ṣé ó máa ń tutù nígbà tó bá dé? Níbí, a kì í jẹ́ kó ga, a kì í sì í fi katakata tẹ̀ ẹ́. Igi kì í ṣe èédú, bàbá mi. Ẹ má rò pé mo fẹ́ kọ́ yín níṣẹ́ yín o. Mo kàn ń béèrè ni.

Ìbọ̀wọ́ ti wà lọ́nà. Ẹ sọ fún Bàbá Fẹ̀sọ̀ pé àwọn ni wọ́n fa gbogbo rẹ̀: mò ń wá ẹni tó mọ katakata wà bíi tiwọn, mi ò sì tíì rí.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Ìbọ̀wọ́ dé, ó bá mi lọ́wọ́ mu bí ẹni pé ojú mi ni wọ́n ṣe rán an. Mo wọ̀ ọ́ yí gbogbo àgbàlá ká. Fẹ̀sọ̀ ní kí n bọ́ ọ̀kan fún òun, mo ní kó lọ bí tiẹ̀. Ọlọ́run á máa bù sí i fún ọ. Wàá rí ẹni tó máa tọ́jú ìwọ náà.

O béèrè bí a ṣe ń to igi. Bí a ṣe ń to èédú náà ni. Ọ̀nà wo ló tún kù? Èédú tí a kò bá tẹ̀ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ á gba àárín rẹ̀ wọlé, iná á sì ràn án fúnra rẹ̀. O ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí ó fi sú ọ: tẹ̀ ẹ́, wọ́n omi sí i, tún un tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná ò fi jó àgbàlá mi rí. Igi náà ti ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì báyìí. Àràárọ̀ ni Fẹ̀sọ̀ ń gun orí rẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́, tí àwọn yòókù ń wọ́n omi tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé. Máníjà mú àwọn àlejò wá wò ó, ó ní, “Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yìí.” Orí mi wú, mi ò ní purọ́.

Ní ìparí oṣù kẹfà làwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀. Wọ́n á wọn gígùn àti gíga òkìtì náà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ bóyá igi wa tó ìdá tí òfin béèrè. Èyí tó bá wà káàkiri ilẹ̀, wọn ò ní kà á. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà lójú kan, kó sì dúró dáadáa.

Inú mi dùn pé o mọ nǹkan kan nípa igi. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣọ́ tìrẹ níbẹ̀, jẹ́ kí n ṣọ́ tèmi níbí.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí, kí ẹ sì kà á dé òpin kí ẹ tó bínú. Òótọ́ ni pé mi ò ní àkísà bíi tiyín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò sì wọ kèrègbè.

Òkìtì yín ń jó. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Bí kò bá tíì jó, ó máa jó. Èédú ti kú tipẹ́ sínú ilẹ̀; bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ẹ wọ́n omi sí i, ó máa sùn. Igi ò tíì kú. Ó ṣì ń jẹrà, ohun tó bá sì ń jẹrà máa ń gbóná. Ẹ rántí koríko tútù tí a gé jọ sẹ́yìn ilé, bó ṣe máa ń gbóná nínú tí èèyàn bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Omi tí ẹ ń wọ́n sí i ló ń jẹ́ kó jẹrà. Títẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́, ṣe lẹ ń sé ooru yẹn mọ́ inú. Gbogbo ohun tó dáàbò bo èédú yín ló máa dáná sun igi yín.

Lọ́dún kejì tí mo débí, ọ̀kan jó lọ́dọ̀ wa. Ìta rẹ̀ tutù, òjò tiẹ̀ ti pa á láàárọ̀ ọjọ́ náà. Inú rẹ̀ ti di ẹyín iná, ó ti jẹ ara rẹ̀ ṣófo. Ọkùnrin kan gun orí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ jìn wọlé. Ọpẹ́lọpẹ́ okùn tí wọ́n so mọ́ ọn níbàdí, òun ni wọ́n fi fà á yọ. Mo rí ẹsẹ̀ náà, bàbá mi.

Ẹ má wọ́n omi sí i mọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ pín in sí kéékèèké tí kò ga. Ẹ wá irin gígùn kan, ẹ gún un dé àárín, ẹ fà á yọ, kí ẹ wá fọwọ́ kan orí irin náà, ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ ní kí Bàbá Fẹ̀sọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà lè pẹ́. Nítorí náà màá pe aránṣọ lónìí, kó wá sọ ọ́ fún yín.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mi ò ní kí ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí.

Aránṣọ wá bá mi níbi iṣẹ́. Kò dúró lẹ́nu géètì. Ó wọlé tòun ti téèpù lọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, torí ó mọ̀ pé etí mi kì í gbọ́ràn: “Ọmọ yín ní ẹ ò mọ iṣẹ́ yìí o! Ọmọ yín ní ẹ máa dáná sun èèyàn!” Gbogbo àgbàlá dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àwọn tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́bìrì mú, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká wọn ń mì. Ọ̀kan wá ní, “Ọ̀gá, ṣé ká máa retí àṣẹ láti òkè òkun ni?” Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Kí ni mo tún lè ṣe? O sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́, ìwọ ọmọ tí mo bí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà rẹ wá dé. Mo kà á, mo tún un kà. Òótọ́ lè wà níbẹ̀, mi ò sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n gba ojú mi wò ó. O fẹ́ kí n lọ bá máníjà pé kó jẹ́ ká tú òkìtì tó fi ń yangàn ká, nígbà tí àwọn tó fẹ́ wá wọ̀n ọ́n ti kù sí dẹ̀dẹ̀? Bí wọ́n bá dé tí igi wà káàkiri, tí wọn ò rí nǹkan wọ̀n, wọ́n á ní a ò pé ìdá. Iléru á kú. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ní ìyàwó. Wọ́n á ní ta ló fà á? Wọ́n á ní bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń kọ̀wé sí ni.

Mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀ yìí, ó tutù. Lóòótọ́, nǹkan funfun kan máa ń rú lórí rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ìrì ni. Bí etí mi ò bá tilẹ̀ ṣiṣẹ́, imú mi ń ṣiṣẹ́. Èédú tó bá fẹ́ jó, mo máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó jó. Igi yìí ò rùn. Òórùn dídùn ló ń ta.

Fẹ̀sọ̀ bi mí pé kí lo kọ gan-an. Mo ní o ní kó máa rọra. Ó ní, “Èmi tí wọ́n ń pè ní Fẹ̀sọ̀?” A jọ rẹ́rìn-ín.

Bí àwọn olùyẹ̀wò bá ti lọ, màá tú u ká. Mo ti sọ ọ́ ná. Má rán aránṣọ sí mi mọ́.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo wólẹ̀, mo fi gbogbo ara tọrọ àforíjì. Mo ní kí aránṣọ yọ́ ọ sọ fún yín nílé ni, mi ò ní kó lọ sí àgbàlá. Mi ò ní tàbùkù yín láé.

Àmọ́ nǹkan funfun yẹn kì í ṣe ìrì. Òórùn dídùn yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Bí igi bá ń sè nínú, bó ṣe máa ń ta sánsán nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo péré ni mò ń bẹ̀ yín fún. Bí ẹ ò bá lè tú u ká nítorí àwọn olùyẹ̀wò, ó yé mi, mi ò bínú. Ẹ ṣáà sọ fún Bàbá Fẹ̀sọ̀. Ẹ sọ ohun tí mo kọ fún wọn gan-an, ẹ má sọ pé mo ní kí wọ́n rọra. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn mọ ohun tí wọ́n ń gùn.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kẹfà, oṣù keje

Bàbá mi,

Mo kí yín, mi ò mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ kí n kí yín. Kò sí èsì. Kí n tó lọ síbi iṣẹ́, màá lọ wo àpótí lẹ́tà; bí mo bá dé, màá tún lọ wò ó, bí ẹni pé ẹnìkan lè wá fi nǹkan síbẹ̀ lẹ́yìn mi. Bí ẹ bá ṣì ń bínú, ẹ kọ ọ́ wá. Ẹ bú mi. Mo fara mọ́ èébú.

Aránṣọ ò gbé fóònù mi láti bí ọjọ́ mélòó kan. Lónìí ló tó gbé e. Ó ní ẹ wà, ara yín le, ẹ ní kí n dúró de lẹ́tà yín. Ṣùgbọ́n ó ń sunkún bó ṣe ń sọ ọ́. Mo bi í pé kí ló dé, ó pa fóònù.

Bàbá mi, ta ló kú?

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje

Ọmọ mi,

Fẹ̀sọ̀ ti kú.

Àìmọye ìgbà ni mo ti gbé bírò tí mo tún gbé e sílẹ̀. Mo ní kí aránṣọ má sọ fún ọ, mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Àwọn olùyẹ̀wò dé, wọ́n ta okùn ìwọ̀n yí òkìtì ká, wọ́n gun àkàbà, wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní igi wa pé, ó tiẹ̀ lé. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Máníjà ra ohun mímu fún gbogbo àgbàlá. Àwọn ọkùnrin gbé mi sókè, èmi arúgbó. Mo ń rò ó lókè ibẹ̀ pé, ó dáa, ọ̀la ni màá mú ọ̀rọ̀ ọmọ mi ṣẹ.

Ní ọjọ́ kejì, èmi àti Fẹ̀sọ̀ jọ jẹun àárọ̀. Mo ní kó gbé katakata gun òkìtì, kó bẹ̀rẹ̀ sí í wó o láti òkè, ká pín in sí kéékèèké. Ó ní, “Ṣé ohun tí ọmọ rẹ sọ nìyẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Mo ti mọ̀ pé ọmọ yẹn ò ní sọ ọ̀rọ̀ lásán.” Ó gòkè lọ. Ohun tí o ní kí n sọ fún un, pé inú òkìtì lè ti ṣófo, mi ò sọ ọ́. Lẹ́tà rẹ ìkẹyìn ti wà lápò mi. Mo rò pé, a ṣáà ti fẹ́ tú u ká, kí ni mo tún fẹ́ máa dẹ́rù bà á fún?

Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mò ń bá àwọn oníṣọ́bìrì sọ̀rọ̀. Ojú wọn ni mo wò tí mo fi mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Wọ́n ti ń sáré kọjá lára mi. Nígbà tí mo yíjú, katakata ti rì wọ inú òkìtì dé òrùlé rẹ̀, ọwọ́ iná sì ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo wọn ló ní ó ké. Wọ́n ní orúkọ mi ló ń pè, pé ó pè é léraléra. Mi ò gbọ́. Ọmọ mi, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

A fi ọwọ́ wa wa igi náà. Nígbà tí a fi máa kàn án, ó ti pẹ́.

Wọ́n fẹ́ ṣe ìwádìí, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n pè mí. Máníjà pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní Fẹ̀sọ̀ ló dá gun òkìtì láìgba àṣẹ, pé ohun tí a máa sọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé òun ló dá gùn ún, ọ̀rọ̀ ti parí, ilé-iṣẹ́ ò jẹ ìyàwó rẹ̀ ní nǹkan kan, iṣẹ́ á sì máa lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni mo rán an, tí mo sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á lé mi, wọ́n lè gbé mi lọ sílé ẹjọ́, ìjọba sì lè ní àwọn ò ka igi yẹn mọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ ro ti àwọn tó wà láàyè.”

Mi ò tíì rí ẹni bi. Fẹ̀sọ̀ ni mo máa ń bi léèrè. Ìwọ ni mo wá bi. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù keje

Bàbá mi, bàbá mi,

Mo ka lẹ́tà yín lórí àtẹ̀gùn, mi ò lè wọlé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Bàbá Fẹ̀sọ̀ máa ń fi ọwọ́ mi sórí ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí katakata, wọ́n á ní, “Ìwọ lò ń wà á o, èmi kàn jókòó ni.” Mo sì gbà á gbọ́.

Ẹ dákẹ́, bàbá mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ dákẹ́. Ẹ ní lẹ́tà mi ò dé ọwọ́ yín. Bí wọ́n bá bi èmi náà, màá ní mi ò kọ nǹkan kan. Ta ló máa bá yín sọ̀rọ̀ ní àtìmọ́lé, ẹ̀yin tí ẹ kì í gbọ́ràn? Bí wọ́n bá pè yín, ta ló máa fọwọ́ kàn yín kí ẹ lè mọ̀? Èmi ni màá máa tọ́jú ìyàwó Bàbá Fẹ̀sọ̀, mo ṣèlérí rẹ̀ fún yín. Kò ní mọ ìyàtọ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti lọ, mi ò fẹ́ pàdánù ẹni méjì. Ẹ dákẹ́.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi, ìyá mi,

Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ò ń rí oorun sùn? Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Ọjọ́bọ̀ ti kọjá tipẹ́.

Kí n tó lọ jókòó níwájú wọn, mo kọ́kọ́ lọ bá ìyàwó rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ nínú gbọ̀ngàn láàárín àwọn àjèjì. Mo sọ gbogbo rẹ̀: ohun tí o kọ, ìgbà tó dé, ohun tí mo sọ fún ọkọ rẹ̀ àti ohun tí mi ò sọ. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó wá ní, “Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ jẹun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró síbẹ̀ títí, kò jáde.

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n kọ ìbéèrè sórí pátákó fún mi. Mo ní èmi ni mo rán an gun òkìtì. Mo ní wọ́n ti kìlọ̀ fún mi, pé ọmọ mi ló kìlọ̀. Máníjà ń wo ilẹ̀. Wọ́n ti lé mi, wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu géètì mọ́. Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀, mi ò mọ ibi tó máa já sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ẹ̀bi kúrò lọ́rùn Fẹ̀sọ̀, ilé-iṣẹ́ á sì san ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan ò kí mi mọ́ ládùúgbò. Mi ò dá wọn lẹ́bi.

Lẹ́tà tó kìlọ̀ fún mi dé lásìkò, mi ò sì ṣe ohun tó wí. Èyí tó ní kí n dákẹ́ ló pẹ́. Mo dúpẹ́ pé ó pẹ́, torí ká sọ òótọ́, bó bá ti dé ṣáájú, mo lè ti gbọ́ tìrẹ. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Ọmọ ló kọ ọ́ sí bàbá rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Wọn ò ti iléru pa. Òfin ṣì wà bó ṣe wà, ìdá tí wọ́n ní ká mú wá ò dín, wọ́n tiẹ̀ ní ó máa lé sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà igi ṣì ń wọlé lójoojúmọ́. Lánàá, mo rìn lọ sí ìta géètì, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ òkìtì mìíràn. Ọkùnrin kan tó jẹ́ pé èmi ni mo gbà á síṣẹ́ wà lórí katakata tuntun, ó ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn méjì ń wọ́n omi tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe kọ́ wọn gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, wọn ò gbàgbé nǹkan kan. Mo juwọ́ sí wọn, mo kígbe. Wọ́n rò pé mò ń kí wọn, wọ́n sì juwọ́ padà.

Mo ti lọ bẹ aránṣọ. Má dúró de lẹ́tà. Gbàrà tí èyí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, pè é, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí o bá ṣe ń sọ ọ́: ibi tí gíga òkìtì gbọ́dọ̀ mọ, bí wọ́n ṣe ń fi irin wò ó, ìgbà tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ gùn ún. Àràárọ̀ ni màá máa dúró níta géètì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, màá máa kà á fún wọn ní ẹnìkọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ṣe ń wọlé. Màá sọ fún wọn pé ọmọ mi obìnrin ló sọ ọ́, pé ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nígbà tí Fẹ̀sọ̀ wà láàyè.

Bí o bá pè é, má kí mi. Orí igi ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá rẹ